Wọ́n pe Sunny ní àkátà, wọ́n tún pè é ní àjẹ́: Ìwé ọmọdé tó yẹ kí bàbá àti ìyá kọ́kọ́ jókòó kà

Ìwé kan wà tó jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀ nìkan ti tó dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Akata Witch ni wọ́n pè é lédè òyìnbó. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àkátà lorúkọ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ń pe àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe orúkọ àpọ́nlé rárá. Witch ní tiẹ̀, àjẹ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tí wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ ẹ̀ fún. Ká wá sọ pé ìyá kan ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ti tán an lókun, tó wá bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 13. Ṣé ó máa béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀ ni? Ẹ̀jẹ̀ Jésù ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni, á ní A'ùsù bíláhì, kó tó gbé ìwé ọ̀hún jù síta.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé náà kò jọ ohun tí ìyá yẹn ń bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan tí kò mọ ibi tóun já sí láyé ni, àti ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó bá a wá ara ẹ̀ rí. Àjẹ́ tí wọ́n kọ sára páálí ìwé náà, èébú tí wọ́n bú ọmọ náà nínú ọgbà ilé-ìwé ni. Ẹni ibi gan-an tó wà nínú ìtàn ọ̀hún, àgbàlagbà ni, olówó sì ni.

Nnedi Okorafor ló kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ Viking l'Amẹ́ríkà sì gbé e jáde lọ́dún 2011. Ìlú Aba nílẹ̀ Ìbò ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Sunny Nwazue lorúkọ ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ìbò ni bàbá àti ìyá ẹ̀, ṣùgbọ́n New York ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún 9 ló sì wà nígbà tí àwọn òbí ẹ̀ kó ẹrù wọn wálé. Ìyẹn nìkan ì bá ṣe é fara dà. Àmọ́ àfín tún ni Sunny. Oòrùn kì í jẹ́ kó gbádùn. Bọ́ọ̀lù ni ọmọ yìí fẹ́ràn jù láyé, ó sì mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbá a lọ́sàn-án gangan. Ó di alẹ́, tí oòrùn bá ti wọ̀, kó tó lè sáré bó ṣe fẹ́.

Àdán ni àwọn àgbà máa ń fi ṣe àpèjúwe irú èèyàn bẹ́ẹ̀, kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Ọmọ Ìbò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti lanu sọ̀rọ̀, wọ́n ti mọ̀ pé ìlú òyìnbó ló ti wá. Èèyàn dúdú ni, bẹ́ẹ̀ ara ẹ̀ funfun, irun ẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Nínú ilé pàápàá, bàbá ẹ̀ le mọ́ ọn, ojú tí bàbá fi ń wo àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin méjèèjì kọ́ ló fi ń wo òun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni ẹni tó bá lọ sí ilé-ìwé ní Nàìjíríà kò ní lè gbàgbé bọ̀rọ̀. Olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ, wọn ò kọ ọ́ dáadáa, ti Sunny nìkan ló dáa. Kí ló yẹ kí olùkọ́ ṣe? Kó yìn ín, kó sì kọ́ àwọn tó kù. Obìnrin yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀ o. Pàṣán ló gbé lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní kó na àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Ọmọ ọ̀hún ò lè ṣe é, ẹkún ló gbẹ̀yìn ẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé parí lọ́jọ́ náà, àwọn tí wọ́n fẹ́ kó nà yẹn dúró dè é lójú ọ̀nà, wọ́n lù ú. Níbẹ̀ lèébú àkátà ti jáde. Orlu, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ló dá sí i tí wọ́n fi fi í sílẹ̀.

Ibẹ̀ lọ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Orlu mú un dé ọ̀dọ̀ Chichi. Ọmọbìnrin ni Chichi, ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, òun àti ìyá ẹ̀ ń gbé nínú ahéré kan tí ìwé kún dẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kò lọ sí ilé-ìwé bíi tàwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni Sasha dé láti Chicago. Ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, wàhálà tó dá sílẹ̀ lọ́hùn-ún ló jẹ́ kí àwọn òbí ẹ̀ dì í lẹ́rù wá sí Nàìjíríà, sọ́dọ̀ àwọn òbí Orlu. Ṣé ẹ rí i pé tí ẹnikẹ́ni bá tọ́ sí orúkọ àkátà nínú ìwé yìí, Sasha ni. Kí wá ni Sunny tí òun pẹ̀lú Sasha jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ìbò, tí èkejì ò mọ ìlú tí baba-ńlá ẹ̀ ti wá? Ìwé náà kò dáhùn, ó kàn jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa bára wọn jà, kí wọ́n sì máa bára wọn rẹ́rìn-ín.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí wá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tí ìwé náà pè ní èèyàn Àmọ̀tẹ́kùn. Kì í ṣe Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ lọ́dún 2020 o! Àwọn tí wọ́n bí agbára mọ́ ni wọ́n, tí wọ́n ní ìlú tiwọn tí ojú lásán ò rí, tí wọ́n sì ń pe àwa tó kù ní àgùntàn. Kí Sunny tó lè wọ ìlú náà, ó gbọ́dọ̀ kọjá lórí afárá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ojú ẹ̀mí ẹ̀ ló sì máa fi kọjá, ìyẹn ojú tòótọ́ tó wà lẹ́yìn ojú tí gbogbo ayé ń rí. Ẹni tó bá mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń sọ̀rọ̀ orí inú àti orí òde máa rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun ilẹ̀ Ìbò àti Nsibidi, ìkọ̀wé àtijọ́ àwọn ará Cross River, ni obìnrin náà fi hun tirẹ̀.

Àmọ́ ibi tí ìwé náà ti dùn jù, tó sì yẹ kí òbí fara balẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ afárá. Agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní, inú ohun tí wọ́n ti ń fìyà jẹ wọ́n lé lórí ló ti jáde. Lẹ́tà máa ń dàrú lójú Orlu, ìwé kíkà ni í lára. Agbára tiẹ̀ ni pé kò sí oògùn búburú tí ẹnikẹ́ni dì tí òun ò lè tú. Chichi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan, Sasha náà ò gbẹ́yìn. Ohun tí wọ́n bá kà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti wọ orí wọn nìyẹn. Sunny tí wọ́n ní kò ṣe èèyàn ibí, kò ṣe tọ̀hún, òun ló lè rìn láàárín ayé àwa yìí àti ayé àwọn ẹ̀mí, tó tún lè fara sin lójú èèyàn. Mélòó la ti rí nínú irú àwọn ọmọ wọ̀nyí tí wọ́n ń pè ní olódo nílé-ìwé, tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ kó gbé ọwọ́ sókè? Bàbá ti sanwó ilé-ìwé, ìyá ti wá olùkọ́ àfikún, nígbà tí kò yí padà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ayé nínú.

Nǹkan mìíràn tún wà tó máa pa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù lẹ́rìn-ín. Ní ìlú àwọn Àmọ̀tẹ́kùn yìí, kò sí ọ̀nà tí èèyàn fi ń rówó ju pé kó kọ́ nǹkan tuntun lọ. Bí ọmọ bá ti lóye nǹkan báyìí, owó á já bọ́ láti òkè, á balẹ̀ síwájú ẹ̀ gbàgà! Owó bàbà ló níye lórí jù níbẹ̀, wúrà ló kéré jù. Ẹ ro irú ìlú bẹ́ẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè tí ẹni tó ka ìwé gboyè ti ń fi ọ̀kadà ṣe iṣẹ́ ṣe.

Ẹni tó kọ ìwé náà mọ ohun tó ń sọ. Ọdún 1974 ni wọ́n bí Nnedi Okorafor sí ìlú Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà. Ìwé ni àwọn òbí ẹ̀ bá lọ síbẹ̀ lọ́dún 1969, ogun abẹ́lé sì wà nílé nígbà náà tí kò jẹ́ kí wọ́n lè padà. Illinois ló dàgbà sí. Eléré ìdárayá gidi ni, tẹ́níìsì ló ń gbá. Ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn ẹ̀ wọ́, nígbà tó di ọmọ ọdún 19, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láti tún un ṣe. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi wọ ọsibítù, nígbà tó jí, kò lè gbé ẹsẹ̀ náà mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn, kó tó di pé ó tún ìrìn kọ́ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló sọ nínú ìwé tó ṣe lọ́dún 2019 tó pè ní Broken Places & Outer Spaces. Nígbà tẹ́ ẹ bá wá rí ọmọ kan nínú ìtàn ẹ̀ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù àmọ́ tí ara ò jẹ́ kó gbá a, ẹ ti mọ ibi tó ti mú un. Ilẹ̀ Nàìjíríà sì ti mọ obìnrin náà tipẹ́, torí ìwé ẹ̀ mìíràn, Zahrah the Windseeker, ló gba ẹ̀bùn Wole Soyinka fún lítíréṣọ̀ lọ́dún 2008.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, irú Sunny pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London tàbí Houston mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Bí ọmọ bá ti fẹ́ máa ya ìyàkuyà lọ́hùn-ún, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n máa já fún un, ilé-ìwé tí wọ́n ń sùn sí n'Íbàdàn tàbí ní Ṣàgámù ló máa bá ara ẹ̀. Yorùbá ò dá ṣáká lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n á máa sín in jẹ bó bá sọ òyìnbó, wọ́n á tún máa sín in jẹ bó bá sọ Yorùbá. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti fún un lórúkọ. Ní London, wọ́n ti sọ fún un rí pé kó padà síbi tó ti wá; ó wá dé ibi tó ti wá, wọ́n tún ní àlejò ni. Bàbá tó wà lọ́hùn-ún ń rò pé ilé lòun rán ọmọ lọ, ọmọ ọ̀hún ń rò pé wọ́n lé òun kúrò nílé ni. Ta ló fẹ́ bá a sọ ọ́? Bó bá ráyè rí Orlu kan nínú kíláàsì ẹ̀, orí ẹ̀ ló bá a ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àfín náà tún wà níbẹ̀. Láyé àwọn baba wa, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe àfín, wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá fúnra ẹ̀ ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òrìṣà ló ń bú. Ìyẹn dáa létí, ṣùgbọ́n òrìṣà ò bá wọn wọ kíláàsì. Ojú ọ̀pọ̀ ọmọ àfín ò ríran jìnnà, bó bá wà lẹ́yìn kíláàsì, kò lè rí ohun tí olùkọ́ kọ sára pátákó, wọ́n á sì ní ọmọ náà ò mọ̀wé. Oòrùn ń jó wọn lára, àìsàn jẹjẹrẹ awọ ara sì ń pa wọ́n. Torí irú ìyà wọ̀nyí ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ṣe ya ọjọ́ 13, oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún wọn lọ́dọọdún, láti ọdún 2015.

Ibí yìí gan-an ni ìwé náà ti mú nǹkan rọrùn jù. Lẹ́yìn tí Sunny wọ ẹgbẹ́ àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, oòrùn ò pa á lára mọ́. Ó gbá bọ́ọ̀lù lójú oòrùn níbi ayẹyẹ ńlá kan tí wọ́n lọ ṣe l'Abuja, láàárín àwọn ọmọkùnrin, kò sì sí ẹni tó kà á láìní rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ àfín tó wà ní Mushin tàbí Ìwó tó ń ka ibẹ̀, oòrùn ọ̀la á tún jó o. Fìlà, ìpara àti ìjókòó iwájú ní kíláàsì ló nílò, kì í ṣe idán. Ó yẹ kí òǹkọ̀wé náà fi ọgbọ́n wá ọ̀nà mìíràn gbé e gbà.

Ohun kejì tó kọni lóminú níbẹ̀ ni àwọn àgbà inú ìwé náà. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n ń rán àwọn ọmọ mẹ́rin yìí léwu, wọ́n mọ̀ pé àwọn kan ti lọ ṣáájú tí wọn ò ṣe é yọrí, síbẹ̀ wọ́n ní kí wọ́n lọ. Àgbà wo ló ń fi ọmọ ọlọ́mọ sí iwájú ogun? Àwọn kan á ní bí ìtàn irú ẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Kò burú, ṣùgbọ́n àwọn tó bímọ ò ní gbà á bẹ́ẹ̀.

Ta wá ni wọ́n rán wọn lọ bá? Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Black Hat Otokoto, tó ń jí àwọn ọmọ kéékèèké gbé láti fi wọ́n ṣe ètùtù. Otokoto! Ẹni tó bá ti gbọ́njú lọ́dún 1996, orúkọ yẹn ò ní kọjá létí ẹ̀ lásán. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n pa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11 kan tó ń kiri ẹ̀pà, ní hótẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ Otokoto nílùú Owerri. Orí ọmọ náà tí wọ́n rí lọ́wọ́ ẹnì kan ló tú àṣírí. Inú bí àwọn aráàlú, wọ́n dáná sun hótẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n sun ilé àtàwọn ṣọ́ọ̀bù àwọn tí wọ́n fura sí pé owó wọn ò mọ́. Ọdún 2003 ni ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ẹni tó ni hótẹ́ẹ̀lì náà àtàwọn mìíràn. Ìyẹn kì í ṣe ìtàn àròsọ o.

Ẹ wá fi èyí wé ti àjẹ́. Ní Akwa Ibom tí kò jìnnà sí Aba, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọdún mẹ́fà ni àwọn wòlíì kan ń pè ní àjẹ́, tí àwọn òbí wọn lé síta, tí wọ́n lù, tí wọ́n da nǹkan gbígbóná sí lára. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé lọ́dún 2008, ìpínlẹ̀ náà fi í sínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé pé ẹni tó bá pe ọmọ ní àjẹ́, ẹ̀wọ̀n ni. Ọmọ ni wọ́n ń bẹ̀rù, ọmọ ni wọ́n ń lé. Àwọn tó ń fi orí ọmọ wá owó, ìjókòó iwájú ni wọ́n ń fún wọn níbi ìnáwó. Ohun tí Okorafor tò síwájú ẹni tó ń kà á nìyẹn, kò fi ìka tọ́ka sí i, àwọn ọmọ tí ayé ń sá fún ló kàn ní kó dojú kọ ọkùnrin tí ayé ń kí. Bó ṣe parí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kà á.

Ọ̀kan tún wà tó yẹ kí ìyá tó bá ń ka ìròyìn yìí mọ̀. Gbogbo ohun tí Sunny ń ṣe, kò lè sọ ọ́ nílé. Ìyá ìyá ẹ̀ ti ṣe irú ẹ̀ rí, àmọ́ bó bá ti dárúkọ ìyá àgbà náà báyìí, ẹ̀rù á ba ìyá ẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Òru lọmọ fi ń jáde nílé. Ìyá mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, kò béèrè. Ọmọ mọ̀ pé ìyá òun mọ̀, kò sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yẹn nìkan ló kù tó lè bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ burúkú ló bá pàdé ńkọ́?

Ìwé náà ti bí àbúrò méjì. Akata Warrior jáde lọ́dún 2017, ó sì gba ẹ̀bùn ìwé ọ̀dọ́ tó dáa jù lọ níbi ẹ̀bùn Hugo lọ́dún 2018. Akata Woman tẹ̀ lé e lọ́dún 2022. Ní Nàìjíríà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Cassava Republic tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Abuja tẹ ti àkọ́kọ́ lọ́dún 2013, wọ́n yọ àkátà kúrò lórí ẹ̀, wọ́n yọ àjẹ́ náà kúrò, What Sunny Saw in the Flames ni wọ́n pè é. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ rà á fún ọmọ ẹ̀ kó ṣọ́ra o, kó má lọ fowó ra ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ àjẹ́ bá ń bà lẹ́rù, ti Cassava Republic ni kó béèrè.